Àyọ̀ká àti Fèrè Ńlá Waheed

Ẹ̀ṣẹ́ ni Àyọ̀ká fi kí Waheed lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé.

Àwọn onífèrè ń sin òkú àgbà kan kọjá ní àdúgbò Koko, ní Bouaké, ìlú kan lórílẹ̀-èdè tó bá Gánà pààlà, lọ́sàn-án gangan. Ìlù ń dún, fèrè ń ké, eruku ń sọ lálá. Waheed ló kẹ́yìn nínú wọn, torí òun ló gbé fèrè tó tóbi jù lọ, irin ràgàjì kan tó ká mọ́ èèyàn lára bí òjòlá, tí ẹnu rẹ̀ sì là gbàgà lókè orí bí agbada. Ọlọ́kadà kan tí kò ní sùúrù já wọ àárín èrò. Waheed yẹra fún un. Bó ti yẹra, ẹnu fèrè gbá gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù Àyọ̀ká. Gíláàsì fọ́ yángá, ó dà sórí àgádágodo àti ìṣó tó pàtẹ síbẹ̀.

"Ta nìyẹn? Ta ni ọ̀dájú yẹn?"

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, Àyọ̀ká ti fò jáde, ó ti fi ìkúùkù gbá ọkùnrin náà nímú. Ẹ̀jẹ̀ dà ṣùrùrù. Àwọn Júlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn ọmọ ìlú tó ń pe elédè wa ní Anago, pariwo.

"Hẹ̀ẹ̀! Obìnrin Anago yìí á pààyàn lọ́jọ́ kan!"

Àyọ̀ká gbé ọwọ́ kejì sókè, ó ń retí kí ọkùnrin náà dá a padà. Ìjà tó mọ̀ nìyẹn: o gbá mi, mo gbá ọ. Waheed kò dá a padà. Ó fi apá aṣọ nu imú, ó wò ó dáadáa.

"Ẹ má bínú, màdáàmù. Ẹ jẹ́ n sin bàbá yìí dé ibojì ná. Mo ń bọ̀ wá tún un ṣe fún yín lọ́la."

Ló bá gbé ẹnu ẹlẹ́jẹ̀ padà sídìí fèrè, ó mí kanlẹ̀, fèrè dún. Ohùn náà kò gba etí wọ ara Àyọ̀ká. Inú ilẹ̀ ló gbà, ó gun ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ wá sínú ikùn, ó sì jókòó síbẹ̀. Àyọ̀ká dúró láàárín gíláàsì títí òkú fi kọjá. Ọwọ́ tó gbé sókè kò mọ ibi tí yóò bọ́ sí.

Ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, wọn kò bímọ, ó sì ti padà sílé bàbá rẹ̀. Ilé náà gan-an ni ìṣòro wà. Sàkàrìyáù, bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kumasi ni. Lọ́dún 1969 tí wọ́n ní kí àwọn àlejò kúrò ní Gánà, géńdé ọmọkùnrin ni. Ó fi gbogbo ohun tó ní sílẹ̀, ó gbé ìbínú nìkan dé Bouaké, ìbínú yẹn ló sì fi tọ́ ọmọ. Kòbókò rẹ̀ wà lórí ìṣó ní pálọ̀. Jubril, ẹ̀gbọ́n Àyọ̀ká, jẹ ẹ́. Àyọ̀ká jẹ ẹ́. Ìyá wọn náà jẹ ẹ́ títí tó fi kú. Nínú ilé yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ẹnu kàn ń bá ọwọ́ gbè é ni.

Lọ́jọ́ kejì, Waheed dé lóòótọ́ pẹ̀lú gíláàsì tuntun. Imú rẹ̀ ti wú bí ọsàn. Wẹ́dà ni, Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́, ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, kò sì tíì pẹ́ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Ó ń ṣiṣẹ́ láìsọ̀rọ̀. Àyọ̀ká gbé omi wá fún un, ó kúnlẹ̀ gbé e sílẹ̀, ó ní:

"Mo túúbá."

Waheed bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti mọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn! Túbà ni wọ́n ń pe fèrè náà nílé-ìwé tí mo ti kọ́ ọ."

Ẹ̀rín pa Àyọ̀ká náà. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹni tó lù. Nígbà tó yá, ó bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé obìnrin lè fọn ọ́n?"

"Èémí kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo."

"Mo ti dàgbà o. Mi ò mọ nǹkan kan nínú orin."

"Màdáàmù, ariwo tí ẹ pa lánàá, àwọn tó wà ní ìlú Marabadiassa lọ́hùn-ún gbọ́ ọ. Èémí ń bẹ níkùn yín. Ibi tí ẹ ń dà á sí ni kò dáa."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, nígbà tí iná irin bá dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Waheed, Àyọ̀ká á gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀.

Fèrè náà kò gbà fún un. Waheed kọ́kọ́ fún un ní ìdí rẹ̀ nìkan, èyí tó dà bí ife kékeré, ó ní kó máa fi ètè gbọ̀n "bùrùrù" sínú rẹ̀ bí ọmọdé tó ń ṣe mọ́tò. Ètè rẹ̀ wú. Nígbà tó wá gbé odindi fèrè kọ́ èjìká, irin tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, ojú rẹ̀ ṣú, ó fìdí jókòó sílẹ̀ gbì. Ohùn àkọ́kọ́ tó jáde dà bí ti màlúù tí inú ń run. Monica, tó ń fọn fèrè kékeré nínú ẹgbẹ́ wọn, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Tantie, ṣé ẹran lẹ ń pa ni?"

Àyọ̀ká fún ọwọ́ pọ̀. Waheed rí i.

"Má bá a jà," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè é ní ìwọ. "Bí o bá ń bá a jà, á máa ké mọ́ ọ. Mí síkùn, kì í ṣe sáyà. Fún un ní èémí bí ẹní ń fọ́mọ lómi."

Oṣù ń gorí oṣù. Fèrè kọ́kọ́ ń ké, ó wá ń kùn, ó wá dún lọ́jọ́ kan, ohùn kan ṣoṣo tó gùn tó sì nípọn, tí páànù òrùlé fi gbọ̀n rìrì. Àyọ̀ká gbé fèrè sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Waheed gbá a mọ́ra. Nínú òórùn irin jíjó àti òógùn, Àyọ̀ká mọ̀ pé òun ti wọ inú ìfẹ́, kò sì sí ọ̀nà tóun fẹ́ gbà jáde.

Ṣùgbọ́n ìwà ilé kì í kú lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kan tó ti rẹ̀ ẹ́, orin kan kò bọ́ sí i lẹ́nu. Waheed ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Waheed ní, "Rárá, tún mí." Ọwọ́ Àyọ̀ká ti gbéra kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ìgbájú náà ró lójú Waheed bí ìgbà tí pákó ṣẹ́.

Waheed gba fèrè lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e sáàyè rẹ̀. 

"Abẹ́ ọwọ́ bàbá mi ni ìyá mi kú sí. Mo wà ní yàrá kejì, mo gbọ́ bí orí rẹ̀ ṣe lu ògiri. Àyọ̀ká, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo ti ń wá ọjọ́ tí màá sọ ọ́, kì í ṣe irú ọjọ́ yìí ni mo rò. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé nínú ilé tí ọwọ́ ti ń sọ̀rọ̀ mọ́ láyé mi."

Ojú ti Àyọ̀ká débi pé kò lè gbórí sókè. "Olówó orí mi," ó wí, kò tíì pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, "bí mo bá tún gbọ́wọ́ sókè sí ọ, má ṣe dúró dè mí."

Ó pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Ìnira rẹ̀ ju ti fèrè lọ.

Ọ̀rọ̀ dé etí Jubril ní mọ́ṣáláṣí. Ẹnìkan ní, "A rí àbúrò rẹ tó gbé irin kọ́rùn lọ́dọ̀ wẹ́dà kan tó ń fọn fèrè òkú." Jubril délé bí ìjì. Bàbá wọn jókòó lórí àga rẹ̀.

"Láti ọdún 1969 la ti ń kọ́ orúkọ sí ìlú yìí!" Jubril ń já bẹ́líìtì ìdí rẹ̀. "Wẹ́dà tí kò mọ ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wa, tó gun bọ́ọ̀sì dé lánàá, òun lo fẹ́ fi ojú wa gbolẹ̀ fún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ràn rẹ̀."

Bẹ́líìtì bà á léjìká. Ó bà á lẹ́yìn. Irin ẹnu bẹ́líìtì ya Àyọ̀ká lápá. Bàbá Sàkàrìyáù kò dìde, ó kàn ní, "Má kàn án lójú."

Látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé, bí Jubril bá nà án, Àyọ̀ká á já a jẹ, á ha á lójú. Lọ́jọ́ yẹn, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń mí síkùn, ó ń wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyẹn ló wá dẹ́rù ba Jubril. Ó sọ bẹ́líìtì sílẹ̀.

"Òun ló kọ́ ọ níyẹn, àbí? Ó dáa. Màá lọ kọ́ òun náà."

Ó jáde. Nígbà tí Àyọ̀ká fi rí ọ̀kadà tó gbé e dé Zone industrielle, ó ti pẹ́ jù. Oòrùn mú kankan, àwọn aládùúgbò dúró lókèèrè, ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ibẹ̀. Ọkùnrin méjì tí Jubril kó wá láti gáréèjì di Waheed mú lápá. Jubril mú irin kan láti inú ṣọ́ọ̀bù náà, ó fi ń gbá a lẹ́nu. Ẹnu gan-an ló ń wá. Eyín ti wà nínú eruku. Fèrè ńlá wà nílẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pa bí agolo.

Àyọ̀ká kò mọ bí òun ṣe mú irin kejì. Ó fi lu Jubril lápá, eegun ró pàkà. Jubril pariwo, ó ṣubú. Àwọn méjì náà fẹsẹ̀ fẹ. Àyọ̀ká dúró lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí, ó gbé irin sókè, orí ló sì ń wò. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ gbọ́ mi o: inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ebi ti ń pa tó ráńjẹ.

Nǹkan kan dì í mú lọ́rùn ẹsẹ̀. Waheed ló rá wá, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn ń mi orí. Àyọ̀ká ju irin nù.

Nílé ìwòsàn, wọ́n rán ètè Waheed pọ̀. Eyín iwájú rẹ̀ lókè ti lọ tán. Dókítà sọ fún un láìfi bò pé kò ní fọn fèrè mọ́. Gbogbo ìgbà tí Àyọ̀ká bá gbé ọbẹ̀ olómi wá, Waheed á kọjú sógiri. Níkẹyìn, ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì ń yọ́.

"Mo rí ojú rẹ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù rẹ bà mí ju ti Jubril lọ."

"Ẹ̀rù ara mi ba èmi náà," ni Àyọ̀ká wí.

"Máa lọ, Àyọ̀ká."

Ó lọ. Kò padà sílé bàbá rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ Monica ní àdúgbò Belleville ló ń sùn. Ó ń sunkún, ó sì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láràárọ̀.

Nígbà tí Waheed gbádùn díẹ̀, ó fi òòlù onígi lu fèrè náà títí ara rẹ̀ fi tún ká bó ti yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ku kùdukùdu. Monica ló gbé e fún, kò dárúkọ Àyọ̀ká. Ìsìnkú ńlá kan wà ní Marabadiassa. Monica sì gbé fèrè lọ tààrà bá Àyọ̀ká.

"Tantie, kò sẹ́lòmíì. Ẹ̀ báà kú síbẹ̀, ẹ̀ ń bọ̀."

Nínú mọ́tò, Waheed jókòó níwájú, kò wẹ̀yìn. Ní Marabadiassa, èrò pọ̀ bí eṣú, àwọn ọdẹ ń yìnbọn. Orin bẹ̀rẹ̀. Àyọ̀ká wà lẹ́yìn pátápátá, irin ń já a léjìká, ètè rẹ̀ ń jó bí ata, àmọ́ èémí rẹ̀ ń gbé gbogbo ẹgbẹ́ náà lọ. Nítòsí ibojì, ìjà bẹ́ láàárín àwọn ọmọ olóògbé lórí ẹni tí yóò gbé pósí. Igi ń fò, ìgò ń fọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ti mutí yó ti Àyọ̀ká lójijì, òun àti fèrè ṣubú lulẹ̀, orúnkún rẹ̀ bó yánna. Ọ̀dọ́kùnrin náà tutọ́ sí i lára.

Waheed ti sáré dìde láti ibi tó jókòó sí.

Àyọ̀ká gbé ara rẹ̀ nílẹ̀. Ó wo ọ̀dọ́kùnrin náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un. Ó gbé fèrè padà sọ́rùn, ó mí síkùn, ó mí, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú irin. Ohùn náà jáde bí ààrá tó ti òkèèrè bọ̀. Monica gbè é, ìlù gbè é. Àwọn tó ń jà wẹ̀yìn. Àwọn kan ṣì ń jà o, ẹ má jẹ́ n purọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ráyè kó sáàárín wọn, wọ́n gba pósí, wọ́n sì sin bàbá wọn.

Nígbà tó parí, Waheed kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń bu omi nu ẹ̀jẹ̀ orúnkún rẹ̀.

"Àyọ̀ká mi," ó wí. 

"Mo wà ńbí, olówó orí mi."

Ìgbéyàwó kò lè wáyé láìsí bàbá. Bàbá ló gbọ́dọ̀ fi ọmọ rẹ̀ fún ọkọ. Waheed, Àyọ̀ká, Monica àti ìmáàmù àgbà kan lọ bá Bàbá Sàkàrìyáù ní pálọ̀ rẹ̀. Jubril wà níbẹ̀, apá rẹ̀ ti jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́.

"Ẹni tó ṣẹ́ apá àti ẹni tó fọ́ ẹnu," ni Bàbá wí, "kí ẹnìkọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ bẹ ẹni tó ṣẹ̀."

Àyọ̀ká kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣẹ́ yín lápá. Ó kù díẹ̀ kí n pa yín. Ẹ foríjì mí."

Jubril wo ibòmíràn.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Bàbá wí.

"Mi ò ní bẹ àjèjì."

Bàbá Sàkàrìyáù dìde. Arúgbó ni, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé ọ̀nà. Ó já kòbókò lórí ìṣó, ó gbé e sókè. Jubril, ọkùnrin tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, bàbá ọlọ́mọ, ló ká kò sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, tó fi apá wíwọ́ bo orí bí ọmọ kékeré.

Kòbókò kò balẹ̀ sára rẹ̀. Waheed ti na ọwọ́ sáàárín, ó wé mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ yọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó wí. "Ibí yìí ni eyín mi ti kán. Kòbókò yìí ló kọ́kọ́ kán an, kì í ṣe ọwọ́ Jubril. Ẹ jẹ́ kó parí síbí."

 Bàbá wo Waheed, ó wo ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó wo Àyọ̀ká tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú àpá bẹ́líìtì lápá. Ó la ọwọ́. Kòbókò jábọ́.

"Ẹ gbé kinní yẹn kúrò níwájú mi," ó wí, ohùn rẹ̀ ti pin. Monica gbé e jáde.

Jubril rá dé ẹsẹ̀ Waheed, ó dì í mú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ló jáde. Waheed kò sọ pé òun ti dárí jì í. Kò tíì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Bàbá fi Àyọ̀ká fún Waheed, wọ́n sì so yìgì. Àwọn èèyàn kún iwájú ilé. Jubril wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó. Ìmáàmù bi ọkọ ìyàwó pé:

"Waheed, ṣé o fẹ́ Àyọ̀ká?"

Ẹni tí kò ní eyín òkè, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò lè pè. Waheed mọ̀. Ó ti ń sá fún ọ̀rọ̀ yẹn látọjọ́ tó ti kúrò nílé ìwòsàn. Ó gbìyànjú rẹ̀ báyìí níwájú gbogbo ayé.

"Mo hẹ́ ẹ," ó wí.

Ẹnìkan fọwọ́ bo ẹnu. Ẹlòmíràn ní, "Ó ní òun hẹ ẹ́ ni! Bí ẹni hẹ ìgbín!" Ẹ̀rín bẹ́. Ojú Waheed wálẹ̀, ètè tí wọ́n rán ń gbọ̀n.

Àyọ̀ká dìde láàárín àwọn obìnrin. Gbogbo èèyàn dákẹ́, torí wọ́n mọ obìnrin náà àti ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín.

"Ẹ jẹ́ kó wí i bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ohun téèyàn fẹ́, ó lè kọ̀ ọ́ lọ́la. Ohun téèyàn hẹ, kì í sọ ọ́ nù. Ìmáàmù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó hẹ mí."